Òkúta Inú Ẹ̀wà

Ìwé náà kò ní ìparí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.
Ní Bùkúrù ni, ọyẹ́ mú, ètè wa là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.
Ìyá oníkúlíkúlí ti fa ojú ewé mọ́kànlá ya lẹ́yìn rẹ̀,
ó fi wé ọjà fún ẹni tí n kò mọ̀.
Nítorí náà, fún ogún ọdún gbáko,
ibi tí mo fi Ṣíjúadé sí náà ló wà:
lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, báńdéèjì lórí,
dókítà ń bi í pé, "Kí lo rí báyìí?"
ó la ẹnu,
ó ku ọ̀rọ̀.

Wọ́n wá ní kí n sọ ọ́ di fíìmù.

Nínú ìwé, gbólóhùn ló ń ṣiṣẹ́ náà.
Lójú ewé kejì, ọ̀rọ̀ Ṣíjúadé kúrú bí ìrù ewúrẹ́.
Ìgbà tí yóò fi di àádọ́ta, ó ti gùn
bí ọ̀nà Akwanga lóru, kò síbi tí èèyàn lè dúró tọ̀.
Báyìí la ṣe mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti yí padà.
Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ̀wé.
Iwájú orí ló ń rí,
kò rí ẹni tó ń rìn kiri nínú rẹ̀.

Alájì Sagir pè láti Àbújá:
"Ẹ fi iná búlúù sí i lójú!
Kí nọ́ńbà máa fò yí orí rẹ̀ ká bí eṣinṣin!
Ọgbọ́n tí aráyé ò rí, ṣé ọgbọ́n nìyẹn?"
Mo ní, "Ẹ ṣé, Alájì."
Ta ni yóò bá olówó jiyàn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo?

Ọjọ́ méjì la fi tan iná búlúù ní Vom.
Rifkatu wo ara rẹ̀ nínú fóònù, ó pòṣé:
"Mo jọ fíríìjì tí wọ́n gbàgbé láti tì."

Lọ́jọ́ kẹta, jẹnẹrétọ̀ kú.
Kaneng, tó ń ṣe Àìná, àbúrò Ṣíjúadé,
gbé àwo ẹ̀wà jáde sí oòrùn. Ebi ń pa wá.
Rifkatu jókòó tì í, wọ́n ń ṣa òkúta,
wọ́n ń sọ ti ọkùnrin kan tó fi alùpùpù àna rẹ̀ dúró gbowó.
Nanret fi ìka kan ètè, ó tan kámẹ́rà.
Mo rọra sọ fún Rifkatu pé, "Ó ti yé ọ báyìí.
Gbogbo rẹ̀ ti yé ọ."

Kò ranjú. Ó wo àwo náà lẹ́ẹ̀kan.
Ó mú òkúta mẹ́rin, ó tò wọ́n sí etí àwo,
ó ká ọwọ́ lé itan.
Ó tán.

Kaneng ṣì tẹ̀ ba, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.
Ẹ̀rín Rifkatu ti dé kí ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín tó dé.
Kaneng gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.
Áà, ojú yẹn!
Bí ẹni tí ilé rẹ̀ dá páro
tí kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni jáde.

N kò tíì sọ ìparí fún wọn.
Ní Kàdúná ni mo ti rí ìwé náà lódindi, lábẹ́ afárá,
lórí ìdúró ni mo ka ojú ewé mọ́kànlá ọ̀hún.
Òǹkọ̀wé fún Ṣíjúadé ní oyè, ó fún un ní ilé lókè òkun,
kò dárúkọ Àìná mọ́ rárá.
Mo dá ìwé padà fún ọlọ́jà. Mo rìn lọ. Mo padà wá rà á.
Alájì ní bó ṣe wà nínú ìwé ni kí a ṣe é.
Èmi ń ronú nípa ìyá oníkúlíkúlí,
bóyá òun gan-an ló mọ ibi tó yẹ kí ìtàn parí sí.

Lálẹ́, a jẹ ẹ̀wà náà.
Rifkatu ń rẹ́rìn-ín, Kaneng ń bu omi fún un.
Eyín mi kan òkúta karùn-ún.
Mo gbé e mì.