Ìpilẹ̀ Kì í Ṣe Ilé

Ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní Àbéré,
bíríkìlà ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mo ń gbé.
N kò kàwé tó yín,
ṣùgbọ́n mo mọ ìpilẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbẹ́lẹ̀,
tí mò ń po sìmẹ́ńtì,
tí mò ń ta okùn kí ògiri má baà wọ́.
Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé òfin ìpilẹ̀ tuntun dé,
mo rẹ́rìn-ín níwájú rédíò.
Mo ní, wọ́n ti ń sọ èdè mi.

Òjò rọ̀ ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i,
òjò àkọ́rọ̀; eruku Alékúwodò wálẹ̀.
A kí ara wa kú oríire.
Mo ra mínírà mẹ́ta fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.
Òjò yẹn ti lọ o.
Àgbàdo tí a gbìn sí i, a ti jẹ ẹ́,
a ti fi pòròpórò rẹ̀ dáná.
Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ.
Ìpilẹ̀ yín wà níbi tí ẹ fi í sí.

Mo mọ ìpilẹ̀ tí wọ́n pa tì.
Ọ̀kan wà lọ́nà Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èmi ni mo gbẹ́ ẹ.
Olówó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá,
kò sọ Iléyá ọdún wo.
Ewúro hù nínú pálọ̀.
Ewúrẹ́ bímọ sí yàrá ìyá arúgbó.
Irin dípẹtà, ó ń ṣẹ́ bí igi ìṣáná.
Àwọn ọmọdé ń fò láti yàrá dé yàrá,
wọ́n ń pe ara wọn ní onílé.

Sífáwù náà ń ṣe onílé báyẹn,
Sífáwù opó Jìnádù,
Jìnádù tó ń bá mi ru búlọ́ọ̀kù kó tó já láti òkè.
Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àbúrò ọkọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.
Òfin tuntun ní wọn ò gbọdọ̀ lé opó jáde:
abala kejìdínlógún,
mo ní kí ọmọ mi kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì.
Ni a bá lọ sí kóòtù, ní Òkè-Fìà.
Akọ̀wé ibẹ̀ kò burú, ó tilẹ̀ fún Sífáwù ní àga.
Ó ní, "Ìyá, ó wà nínú ìwé lóòótọ́.
Òfin tí adájọ́ máa fi ṣiṣẹ́ ni wọn ò tíì ṣe.
Ẹ ṣe sùúrù."
Sífáwù wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn,
òun àtọmọ méjì, láàrin àpò ìyẹ̀fun.

Wọ́n ní ẹ lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Ẹ kú ìsinmi.
Wọ́n ní kí ẹ tó lọ,
ẹ fi odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun jiyàn lórí ọ̀dà géètì yín.

Ṣé ẹ mọ ìwà sìmẹ́ńtì tí a ti pò?
Kì í dúró de ẹnikẹ́ni.
O lè lọ kírun, kí o sáré bọ̀.
Ṣùgbọ́n bí o bá lọ jẹun, tí oorun sì gbé ọ lọ,
òkúta lo máa bá,
ṣọ́bìrì rẹ á ti há sínú rẹ̀.

N kò ní kí ẹ kánjú mọ ògiri wíwọ́.
Mo ti fọwọ́ ara mi wó ògiri rí, lójú olówó;
ojú tì mí, mo tún un mọ.
Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ta okùn.
Ẹ bá ara yín jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ́n.
Ẹ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá kan,
yàrá opó.

Ojú ọ̀run ṣú lápá odò Ọ̀ṣun nírọ̀lẹ́ àná.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri, mo bo sìmẹ́ńtì mi.
Òjò àkọ́rọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ yẹn.
Omi á kún ìpilẹ̀ ọ̀nà Kẹ̀lẹ̀bẹ̀,
àkèré á máa ké nínú pálọ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin, ènìyàn kì í sùn sórí ìpilẹ̀.
Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni kò tó, ẹ wí.
Ṣọ́bìrì mi wà nílé.