Ìdákẹ́ Epo

Vaasa, oṣù kejì. Òkun ti dì gbagidi,
àwọn ọmọdé ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí rẹ̀.
Èmi wà ní yàrá kẹrin, níbi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi
ti ń ké láti àárọ̀ láìlọ síbì kankan.

Bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí i.
Dísù ò lẹ́nìkan.
Písítìnì a gòkè, a fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀,
a fún un, a tún un fún,
títí ara afẹ́fẹ́ á fi gbóná bí ara ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.
Nígbà náà ni nósù á tu epo, fíì!
Epo á sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn niṣẹ́ mi.
Kí ìpéǹpéjú tó kan ara wọn
iná ti là, ó ti kú, ó tún ti là.
Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wọ̀n ọ́n.
Bó bá kúrú jù, iná á gbá písítìnì lórí,
irin á máa ké kan-kan-kan;
bó bá gùn jù, agbára á bá èéfín jáde.

Etí onírin wà tí a lè kì bọ sílíńdà.
Owó rẹ̀ ju ti nósù mẹ́fà lọ,
kì í sì í pẹ́ di.
Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìṣirò, ìlà mọ́kànlá,
tí yóò máa sọ ohun tí etí ìbá gbọ́,
tí yóò sì sọ ọ́ kí kiránkì tó yí débẹ̀:
ẹni tó fẹ́ darí iná
gbọ́dọ̀ ṣáájú iná dé ibi tí iná ń lọ.

Runar fi ogójì ọdún gbé inú ikùn ọkọ̀.
Ó fi ẹnu sukudíráfà kan irin, ó fi ìdí rẹ̀ sétí.
"Ó pẹ́."
Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà: dígírì mẹ́fà, géérégé.
"Ó pẹ́, Hilkka. Bíi dígírì kan."

Mo ki etí onírin tó kù wa bọ̀ ọ́.
Méje ó lé díẹ̀.

A yẹ epo wò. A yẹ páńpù wò. Mo ka ìlà mọ́kànlá
bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀.
Aago mẹ́ta òru kọjá kí n tó rí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn,
bíríkì tí Pirjo fi há ilẹ̀kùn
nígbà tó jáde lọ mu sìgá,
àti òtútù tó ń rọ́ wọ ihò imú ẹ́ńjìnnì.
Mo ti ka ìgbóná afẹ́fẹ́ sí o.
Ara ògiri ni mo ti ń kà á,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-móoru.

Runar bẹ̀rẹ̀ láti yọ bíríkì.
Mo ní kó fi í lẹ̀.
Ọkọ̀ tí yóò gbé ẹ́ńjìnnì yìí, ìwọ lo sọ fún mi,
ilẹ̀kùn mélòó ló ní?

Ó wò mí, ó wọ kóòtù rẹ̀,
ó lọ wá okùn gígùn fún tẹmómítà.