Máńgòrò Tí Kò Tíì Pọ́n

Bàbá mi kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe díákónì.
Kúùkù ni, nílé Mísì Kọ́rà,
lẹ́yìn ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ọdún mọ́kàndínlógún gbáko.
Ohun tó mọ̀ nípa Ọlọ́run, ìdí iná ló ti kọ́ ọ.

Ní ìdájí, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó lù,
ó ti ń jọ̀ ìyẹ̀fun tó bá ọkọ̀ ojú omi dé,
kòkòrò inú rẹ̀ ń rìn lórí asẹ́ bí ẹni ń lọ sọ́jà.
"Sílà, ṣé ó ti mọ́?"
"Ó ti mọ́, Mísì."
Ó mọ́ dé ibi tí ojú lè rí i.

Ẹmu ló fi ń mú búrẹ́dì wú.
Mísì tó ń kọ́ wa pé ká má fẹnu kan ẹmu
á bu búrẹ́dì náà, á dijú, á dúpẹ́, á jẹ ẹ́.
Bàbá ò sọ. Kò sẹ́ni tó bi í.

Omi ńkọ́? Sè é, sẹ́ ẹ, tún un sè.
Àwa ọmọdé rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ló wà nínú omi.

Lóṣù Kẹta ọdún kan, lẹ́tà dé.
Ìyá Mísì ti kú láti bí oṣù méjì,
òjò dídì ti bo sàréè rẹ̀
kí ìwé tó wọ̀lú wa.
Mísì ò sunkún. Ó rìn wá sí kíṣìnnì,
ó jókòó lórí àpótí tí bàbá fi ń bó iṣu,
ó ní, "Sílà, páì ápù ìyá mi ló ń wù mí jẹ."

Ápù!
Inú Bíbélì aláwòrán la ti rí ápù,
lọ́wọ́ Éfà.
A ò mọ̀ pé èèyàn a máa sè é.

Bàbá ò ní kò sí.
Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sọ òkò sókè,
máńgòrò mẹ́fà já lulẹ̀, ó le bí òkúta,
ó kan, irú èyí tí baba ń jẹ
tí eyín fi ń kan ọmọ.
Ó bó o, ó gé e wẹ́wẹ́, ó da ṣúgà lé e,
agolo mílíìkì kan. Ó tọ́ ọ wò. Ó fi ìlàjì kún un.
Ìgò ló fi tẹ ìyẹ̀fun náà pẹlẹbẹ.
Ẹ má bi mí pé ìgò kí ni.
Ó wá bojú wẹ̀yìn,
ó yọ nǹkan kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó rin ín sí i.

Mísì fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.
Ìgbà yẹn ni ẹkún àárọ̀ tó dé.
Bàbá dúró tì í, aṣọ ìnuwọ́ léjìká,
Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kò wá sí i lẹ́nu,
ó bá sọ tiwa:
"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mísì. Ẹ̀yìn ìyá á dára."
Ó ní, "Àmín," bí ọmọ Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n gan-an.

Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ọdún gorí ọdún.
Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ojú bàbá ti ṣókùnkùn,
èmi ni mo kà á sí i létí:
"Sílà, ápù pọ̀ níbí bí ilẹ̀ bí ẹní,
igi mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi.
Mo ti sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀.
Kí lo máa ń fi sí i?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.
"Kọ ọ́ sí i pé atalẹ̀ ni.
Rárá, má kọ ọ́.
Ní kó máa bọ̀ wá jẹ ẹ́."

Mo ń wá gègé lọ́wọ́ nígbà tó tún ní,
"Igi máńgòrò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń tanná?"
"Ó ti ń tanná, bàbá."
Wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá,
ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ dókítà sí.