Irin Tó Mọ Ìrìn

Àjà àká kòkó ni mo gùn, lọ́nà Ọ̀dà,
mo ń wá ìwé ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ní ó wà nínú àpótí.
Eku ti jẹ ìwé. Àpótí ti di ilé ikán.
Orí mi gbá nǹkan kan nínú òkùnkùn,
ó sì dún: tííín,
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò bínú.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì ni, wọ́n so wọ́n kọ́ igi àjà.
Rálè. Ti bàbá mi, Akíndáhùnsí.
Ṣéènì rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì, nínú epo pupa
tó ti dì, tó ti dúdú;
ó fi ọ̀rá bò ó lórí, ó fi rọ́bà dì í.
Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní í gun kẹ̀kẹ́ mọ́
kì í di ṣéènì báyìí.

Oní-kóńdéèmù ń kọjá lọ.
"Ẹgbẹ̀jọ náírà, màmá. Ìpẹtà ló pọ̀ ńbẹ̀."
Mo ti na ọwọ́ gba owó, n kò ní í purọ́.
Ìgbà tó jù ú sínú ọmọlanke ni ó tún dún.
Mo ní: "Gbé e sílẹ̀."
Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn pa.

Mo mọ ohùn yẹn kí n tó mọ orúkọ mi kọ.
Àpò kòkó lẹ́yìn, èmi lórí ọ̀pá àárín,
ìdí mi ń ro mí,
a ó sọ̀kalẹ̀ níbi afárá Àlá
nítorí kò sí bíréèkì; bàtà bàbá mi ni bíréèkì.
Bí a bá ń gun òkè, yóò máa tì í,
yóò máa kà á sí mi létí bí ẹni ń ka ìdílé:
"Iwájú, méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn, ogójì.
Bí wáyà kan bá yẹ̀, gbogbo wọn ló máa mọ̀."

Ní Arákalẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó gbọ́ èdè yìí.
Ọ̀kadà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń tún ṣe.
Bàbá Arówólò kò béèrè ohunkóhun.
Ó fi èékánná ta wáyà lẹ́yìn wáyà,
ó dẹ etí sí i:
tín, tín, tín, tó.
"Èyí ti rẹ̀."
Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ rímù,
ìpẹtà ń bọ́ bí èèpá, dídán ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.
Ó ka wáyà ẹ̀yìn. Ó tún un kà.
"Mọ́kàndínlógójì. Èyí tó kù kò já o.
Wọ́n yọ ọ́ ni, pẹ̀lú sùúrù."

Mo délé kí n tó rántí:
abẹ́rẹ́ gígùn tí ìyá mi fi ń rán ẹnu àpò kòkó,
tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti lékèélékèé,
tó gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ó fi ẹ̀pà bẹ̀ mí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi í tú ihò sítóòfù.
N kò bi í léèrè rí ibi tó ti wá.

A kò dá a padà.
"Mọ́kàndínlógójì yóò gbé e," ni Bàbá Arówólò wí,
"ṣebí wọ́n ti ń gbé e bọ̀."
Ó gba ẹgbàajì lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ìjọ̀kà.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lórí kàǹga wa báyìí;
ó bọ́ táyà, ó wọ okùn.
Ti iwájú ṣì fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń bá a wá fọ́ọ̀kì kiri.

"Ibo ló ń lọ?" Mọríyìkẹ́ bi mí,
ó ń wo rímù tó ń yí lójú kan.
Mo fẹ́ dáhùn. Garawa yọrí, ó kún dẹ́nu,
omi ń kán bọ́ sórí wáyà tó rẹ̀ yẹn,
tó, tó, tó,
bíi bàtà ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ níbi afárá.