Àtẹ̀gùn Méje

Mo kọ ọ́ sínú àròkọ àkọ́kọ́ pé Kádíìfù ni wọ́n bí mi sí,
lẹ́bàá èbúté, nígbà tí dúdú èédú ò tíì kúrò lára ògiri.
Olóòtú dá a padà: "Ṣùgbọ́n níbo gan-an lo ti wá?"
Mo fi òjò kún un.

Bàbá mi, Warsame, ló ń kó èédú sẹ́nu iná ọkọ̀ ojú omi,
ọdún mọ́kànlélógún nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ojúmọ́ kì í dé.
Ìwé atukọ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì mi báyìí.
Ojú: dúdú. Irun: dúdú. Àwọ̀:
akọ̀wé kan kọ nǹkan síbẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, n kò rí i kà.
Ojú ewé mẹ́rìnlá ni mo fi sọ̀rọ̀ lórí ìparẹ́ yẹn.

Màmá mi, ọmọ awakùsà láti àfonífojì òkè lọ́hùn-ún, ní:
"Gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀ ló ń ti ibi iṣẹ́ dé ní dúdú.
Bàbá tèmi á wẹ̀, á funfun.
Bàbá tìrẹ wẹ̀ títí, ó jáde bó ṣe wọlé,
mo sì ti na tówẹ̀lì sí i."
Ó rẹ́rìn-ín.
N kò mọ ibi tí mo lè fi ẹ̀rín yẹn sí nínú ìwé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé méjì ni wọ́n wò nítorí tèmi:
Nerys níwájú, Warsame lẹ́yìn,
bí ẹni wọ bàtà tí kò jọra.
Olùkọ́ á pe ti iwájú, á dúró díẹ̀, á wúkọ́.

Àwọn tó ń ka àròkọ mi rò pé mo rántí rẹ̀.
Irọ́ ni. N kò rántí ohùn rẹ̀.
Aṣọ òtútù kan ni, òórùn èédú àti atalẹ̀,
ọwọ́ líle tó di tèmi mú bí a ṣe ń gun òkè lọ sùn:
kow, laba, saddex, afar, shan, lix, toddoba.
Àtẹ̀gùn méje péré ni ilé wa ní.
Ibẹ̀ ni èdè bàbá mi parí sí lẹ́nu mi.

Lánàá, ọmọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù
ń ka ṣẹ́ǹjì sí mi lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wojú mi:
lix, toddoba, siddeed.
Mo dúró síbẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn.
Mo ní kó jọ̀ọ́,
kó tún èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ.