Ọmọ Ara Agolo

Ta ló bí ọmọ tó wà lára agolo wàrà?
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tà á ní Sábọ̀n Gàrí, ní Sáríà,
mi ò bi ẹnikẹ́ni rí.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì àárọ̀,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó rà
àti ẹni tó kàn ń dúnàádúrà.
Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa là,
tirẹ̀ kò là.
Ọmọ inú àwòrán kì í rù.
Kì í ṣu, kì í bì, kì í jí ìyá rẹ̀ lóru,
bí ó bá tilẹ̀ ní ìyá.

Làmí wọlé ní Ọjọ́bọ̀,
ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ń jẹ́ lórúkọ.
Ó gbé báàgì ìjọba kọ́ èjìká,
ó to agolo mẹ́rìnlélógún sórí káńtà mi bí ẹní to ẹlẹ́rìí.
"Màdáámù, òfin ti dé.
Kò gbọdọ̀ sí àwòrán ọmọ lára rẹ̀ mọ́.
Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ dídùn pé ó dà bíi ti ìyá.
Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà níbi tí ojú yóò ti rí i
pé ọmú ìyá ló ju gbogbo rẹ̀ lọ.
Ilé iṣẹ́ ti fi àkọlé tuntun ránṣẹ́. Ẹ bó èyí, ẹ lẹ ìyẹn."

Mo wá ọ̀bẹ. Mo wá omi gbígbóná.
Orí rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo bí Dúróoríìkẹ́,
obìnrin kan wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọṣọ funfun,
mo ṣe bí nọ́ọ̀sì ni.
Oníwàrà ló rán an.
Ó tẹ ọmú mi wò bí ẹní tẹ máńgòrò lọ́jà,
ó ní, "Èyí ò lè tó o,"
ó sì gbé agolo kan lé mi lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.
Lọ́fẹ̀ẹ́!
Kí ọ̀fẹ́ tó tán, ọmú mi ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.
Owó oṣù bàbá rẹ̀ ló ra èkejì.
Ẹ̀kẹta, mo là á lómi kó lè pẹ́,
síbí kan níbi tó yẹ kí mẹ́rin wà,
omi inú jálá màì rúwà, mi ò sè é.
Ẹ̀yìn agolo kọ gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀,
ní lẹ́tà tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.
Èmi, iwájú ni mo ń wò.
Iwájú ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Orúkọ tí a sọ ọ́ ní kó dúró.
Kò dúró.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n," Làmí wí.
Mo ní ọyẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, Délù ti Samaru dé,
ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
ìyá ọmọ náà ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ ilẹ̀.
Òfin kò ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má jẹun.
Ìwé dókítà wà ní ṣónṣó ìborùn rẹ̀, ó dì í ní kókó.
Ó gba agolo, ó yí i, ó tún un yí,
ó ń wá ojú tó mọ̀.
"Ina jaririn?"
Ọmọ náà dà?
Mo ní, òun nìyẹn lẹ́yìn ẹ.

Mo ka àkọlé tuntun fún un ní Haúsá, mi ò fo lẹ́tà kan.
Omi, kó hó. Kó tutù díẹ̀.
Síbí mẹ́rin. Kì í ṣe mẹ́ta, Délù,
bí owó tilẹ̀ tán nílé, wá bá mi, má là á lómi.
Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.
Mo ní kó tún un sọ.
Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Ilẹ̀ ṣú, mo ti ṣọ́ọ̀bù.
Mo fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
díẹ̀ lára ẹ̀rín ọmọ yẹn
ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.