Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Míkírà

Ìjọba ní kí oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀.
Mo gbé Míkírà mi sábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìnkùlé wa ní Yemẹtu,
mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó.
Ọjọ́ kìíní dà bí ọjọ́ ìsinmi.
Ọjọ́ kẹta, mo ń nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, adìyẹ Ìyá Sàláwù yé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà,
ó wò mí bí èrò tó ti sanwó.

Iná ò sí. Fóònù kan ṣoṣo tá a ní,
ìyá àwọn ọmọ ló ń mú un lọ síbi iṣẹ́, ní Adéọ̀yọ́,
níbi tí wọ́n ti ń wọṣọ bí ẹni tó fẹ́ lọ fa oyin.
Wọ́n kéde pé ẹ̀kọ́ orí rédíò yóò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá.
Rédíò wo? Ti inú ọkọ̀ ló kù.
Mo ṣílẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.
Ìyùnadé jókòó síwájú, Kòlápọ̀ àti Tóólá lẹ́yìn,
ìwé lórí itan.
Olùkọ́ tá ò rí ní ká pín ọsàn kan sọ́nà mẹ́jọ.
Tóólá ní, "Bàbá, ọsàn náà dà?"
Ọsàn ò sí. Gààrí ló wà,
ìyẹn náà, ife la fi ń wọ̀n ọ́n.

Bátìrì kú nínú ọ̀sẹ̀ kejì.
Nígbà tí ayé ṣì jẹ́ ayé, ọkùnrin mẹ́rin á ti sáré jáde,
"Ó yá, ẹ tì í!", èjìká sí èjìká, òógùn sí òógùn.
Báyìí, Bàbá Láyíwọlá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀,
ó nawọ́ méjèèjì láti òkèèrè
bí ẹni pé àánú lè ti mọ́tò.
Nírọ̀lẹ́, ó gbé kóńgò gààrí kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó fẹ̀yìn rìn padà kó tó kí wa.

Kòlápọ̀ ní, "Ẹ̀yin ẹ kọ́ wa."
Èmi? Èmi tí mo dúró níwèé mẹ́fà?
Mo wo sítíárìnì títí.
Mo ní: Ó dáa. Èrò mẹ́rin wọlé ní Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ ni wọ́n ń lọ,
ọgọ́rùn-ún náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún kan wá, ṣéńjì ò sí.
Ọ̀kan bínú bọ́ sílẹ̀ ní Sábó, kò san nǹkan kan.
Èló ló yẹ kó kù sọ́wọ́ mi?
Ìyùnadé ti dáhùn kí n tó ka ìka mi tán.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wakọ̀,
n kò mọ̀ pé ìṣirò ni mo ń ṣe.

Irun rẹ̀ ti wú bí ìtẹ́ ẹyẹ. Onídìrí ti ti ṣọ́ọ̀bù.
Ìyá rẹ̀ ń dá sùn ní yàrá ẹ̀yìn, abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, ṣíbí rẹ̀ lọ́tọ̀.
Láti ojú fèrèsé ló ti ń darí ìka mi:
"Mú mẹ́ta. Mẹ́ta ni mo wí.
Rọra o, orí ọmọ ni, kì í ṣe nọ́ọ̀tì táyà."
Ìka tó mọ sípánà nìkan ń wá ọ̀nà láàárín irun.
Ìlà àárín wọ́ bí ọ̀nà Ọjà'ba.
Ìyùnadé lọ dúró síbi tí a fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí,
ó yí ìpàkọ́ sí ìyá rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.
Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó gbé iwájú orí lé nẹ́ẹ̀tì,
ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Lálẹ́, Tóólá bi mí pé ìgbà wo ni yóò parí.
N kò ní irọ́ tó dára lọ́wọ́.
Mo ní, adìyẹ yẹn ṣì ń sàba, ẹ jẹ́ ká lọ ka ẹyin rẹ̀.
A tan iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀.
Ẹyin mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ti fọ́.
"Mẹ́sàn-án, yọ ọ̀kan," ni Kòlápọ̀ ń sọ fún ara rẹ̀.
Ẹnì kankan ò bi í.